Ẹgbẹ́ Tí Kò Fẹ́ Ọ̀gá

Ní ọdún 1997, ìgbìmọ̀ kan ní ìlú San Francisco, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ kì í sábà ṣe: ó tú ara rẹ̀ ká. Kì í ṣe pé iṣẹ́ wọn ti kú. Iṣẹ́ náà ti gbòòrò dé ibi tí kò fi yẹ kí àwọn èèyàn díẹ̀ tó ń jókòó pọ̀ máa pinnu fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò sí níjòókòó. Kí wọ́n tó dìde, wọ́n fẹnu kò lórí ìwé kékeré kan tó sọ ohun tí wọ́n jọ gbà gbọ́ àti bí wọ́n ṣe fẹ́ máa bá ara wọn lò. Principles of Unity ni wọ́n pè é. Lẹ́yìn náà, wọ́n pín iṣẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké, oníkálukú sì gba tirẹ̀ lọ.

Reclaiming ni orúkọ àwùjọ tí mò ń sọ. Wọ́n wà lára àwọn tí wọ́n ń pè ní Pagan, ìyẹn àwọn èèyàn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tó gbé ẹ̀sìn ayé àtijọ́ ilẹ̀ Yúróòpù dìde padà. Wọ́n ń júbà ilẹ̀, omi, iná àti afẹ́fẹ́, wọ́n sì ń ṣe àjọ̀dún mẹ́jọ lọ́dún bí ìrìn oòrùn àti ojú ọjọ́ bá ṣe ń yí. Wọ́n tún ń pe ara wọn ní àjẹ́ ní gbangba. Kí òǹkàwé mi má rò ó sí ẹyẹ òru: orúkọ tí wọ́n fi pa ọ̀pọ̀ obìnrin ní Yúróòpù láyé àtijọ́ ni wọ́n gbà padà, tí wọ́n ní ó di ti àwọn. Wọn kò ní póòpù, wọn kò ní bíṣọ́ọ̀bù, kò sì sí olórí kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ àṣẹ lórí gbogbo wọn. Síbẹ̀, ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ọdún ńlá, tí wọ́n ń kọ́ni, tí wọ́n ń dá owó jọ, tí wọ́n sì ń ná an. Bí wọ́n ṣe ń rí i ṣe ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ó dá mi lójú pé ó wúlò fún ẹni tí kò tilẹ̀ ní bá wọn bọ ohunkóhun láéláé.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ hàn jù nínú ìtàn wọn ni Starhawk. Miriam Simos ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ọdún 1951 ni wọ́n bí i. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1979, ìwé rẹ̀ The Spiral Dance jáde, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ṣe ìbọ kan ní gbangba ní San Francisco. Ìbọ náà, tí wọ́n ń pe òun náà ní Spiral Dance, di ti ọdọọdún. Àsìkò Samhain ni wọ́n ń ṣe é, nígbà tí wọ́n gbà pé àwọn òkú máa ń sún mọ́ alààyè. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Starhawk àti Diane Baker jọ kọ́ àwọn obìnrin kan ní ọ̀nà ìbọ. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà parí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kò tíì tó àwọn. Kò pẹ́ tí àwọn kan lára wọn fi di olùkọ́ fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ibẹ̀ sì ni Reclaiming ti hù.

Àṣà kan wà láti ìgbà yẹn tí mo fẹ́ràn gidigidi: olùkọ́ kan kì í dá dúró níwájú kíláàsì. Ó kéré tán, èèyàn méjì ló ń jọ kọ́ni. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ náà á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n, akẹ́kọ̀ọ́ náà á sì fojú ara rẹ̀ rí i pé àwọn olùkọ́ pàápàá kì í rí ohun gbogbo bákan náà. Ó ṣòro kí èèyàn sọ olùkọ́ di òrìṣà níbi tí ẹnì kejì rẹ̀ ti lè sọ pé, “Rárá o, bí èmi ṣe mọ̀ ọ́n kọ́ nìyẹn.”

Ìgbàgbọ́ wọn ló bí èyí. Lójú wọn, ohun mímọ́ kò jìnnà sí wa ní ọ̀run. Inú ilẹ̀ ló wà, inú ẹranko, inú ara olúkúlùkù. Nítorí náà, kò sí ẹnì kan tó lè jẹ́ agbẹnusọ fún ẹ̀mí ẹlòmíì. Bí èèyàn mẹ́wàá bá wà nínú yàrá, ọ̀nà mẹ́wàá ni òye lè gbà wọlé. Bí wọ́n bá wá dìbò, tí mẹ́fà borí mẹ́rin, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mẹ́rin pa nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi dìbò. Wọ́n á jíròrò títí ẹnu á fi kò.

Ọgbọ́n ìpàdé wọn fúnra rẹ̀ kò ti inú ìbọ wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Quaker ló ti ṣẹ̀, ìjọ Kristẹni kan tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tí kì í dìbò bí wọ́n bá ń ṣèpàdé iṣẹ́ ìjọ. Wọ́n á dákẹ́, ẹnì kan á sọ̀rọ̀, wọ́n á tún dákẹ́, títí akọ̀wé yóò fi lè kọ ohun tí ìpàdé gbà sílẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó ní irọ́ ni. Ní ìlú Philadelphia, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Movement for a New Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, mú ọgbọ́n yìí, wọ́n sọ ọ́ di ohun tí ẹni tí kì í ṣe Quaker náà lè kọ́. Ọwọ́ wọn ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá ilé iṣẹ́ iná mànàmáná alágbára átọ́míìkì jà.

Ẹgbẹ́ Clamshell Alliance bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1976 láti dá irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró ní Seabrook, ní ìpínlẹ̀ New Hampshire. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún 1977, wọ́n wọ orí ilẹ̀ náà, ọlọ́pàá sì mú èèyàn 1,414. Ọ̀pọ̀ wọn kọ̀ láti gba béèlì, ìjọba sì há wọn mọ́ inú àwọn gbọ̀ngàn àwọn ṣọ́jà ìpínlẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹ́ kéékèèké ni wọ́n pín ara wọn sí kí wọ́n tó kúrò nílé, èèyàn bíi mẹ́wàá sí ogún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn tó mọ ara wọn tí wọ́n sì fọkàn tán ara wọn. Nínú àhámọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí kò tú. Wọ́n ń ṣèpàdé níbẹ̀. Ìjọba rò pé òun ń há ọ̀daràn mọ́ ni, kò mọ̀ pé òun ń gbé ilé ẹ̀kọ́ kalẹ̀ fún wọn.

Ní California, Abalone Alliance kọ́ irú rẹ̀ ní tiwọn láti dojú kọ ilé iṣẹ́ átọ́míìkì tó wà ní Diablo Canyon, etí òkun Pàsífíìkì. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981, láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n mú èèyàn tó lé ní 1,900 níbẹ̀. Starhawk àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára wọn, wọ́n sì ń ṣe ìbọ nínú àhámọ́. Nígbà tí wọ́n padà sí San Francisco, wọn kò padà bí wọ́n ṣe lọ. Wọ́n ti rí i pé ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn tí kò mọ ara wọn rí lè pinnu ohun tó le, nínú ewu, láìsí ẹni tó ń pàṣẹ. Láti ìgbà náà ni agbo ìbọ wọn àti ẹgbẹ́ ìjà wọn ti ń gba ọ̀nà kan náà ṣèpàdé.

Ẹ jẹ́ ká wo irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní tòsí. Ká ní àwọn tó ń múra ọdún Samhain sílẹ̀ ló jókòó nínú pálọ̀ ẹnì kan, àwọn mẹ́sàn-án, tíì àti búrẹ́dì wà nílẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á lọ yípo, olúkúlùkù á sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ò sùn lóru. Ìyá ẹnì kan wà ní ọsibítù. Èyí kì í ṣe ìfàkókòṣòfò: bí obìnrin tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn bá fèsì gbígbóná ní wákàtí kan sí i, àwọn yòókù ti mọ ibi tí ooru náà ti wá. Wọ́n á wá pín iṣẹ́ ìpàdé. Ẹnì kan á darí ìjíròrò, ẹnì kan á máa wo aago, ẹnì kan á máa kọ ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀. Ẹnì kẹrin á máa ṣọ́ ìṣesí àwọn èèyàn: ta ni kò tíì sọ̀rọ̀, ta ló ti ń ká apá mọ́ra, ṣé ó tó àkókò láti dìde na ara. Ẹni tó darí lónìí kò ní darí nígbà tó ń bọ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan bá sì kan adarí gan-an, ó gbọ́dọ̀ gbé ipò náà fún ẹlòmíì kó tó dá sí i.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni owó ìwọlé. Gbọ̀ngàn ti wọ́n, wọ́n nílò ẹ̀rọ agbóhùnsókè, ẹnì kan sì dábàá pé kí wọ́n fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè ló kọ́kọ́ ń wá, kì í ṣe àtakò: èló ni gbọ̀ngàn? Èló ló kù lọ́wọ́ láti ọdún tó kọjá? Lẹ́yìn ìyẹn ni oníkálukú á sọ ohun tó ń kọ ọ́ lóminú. Àgbàlagbà kan ní àwọn tó ti fẹ̀yìn tì kò ní lè wá mọ́. Ọ̀dọ́ kan ní ìbọ fún àwọn òkú kò yẹ kó ní bodè olówó. Ẹni tó mú àbá wá kò ní láti gbèjà rẹ̀. Àbá náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti di ti gbogbo ilé. Wọ́n á tún un mọ: kí ẹni tó ní púpọ̀ san púpọ̀, kí ẹni tó ní díẹ̀ san díẹ̀, kí wọ́n má sì dá ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí owó. Bí wọ́n ṣe ń gba owó Spiral Dance náà nìyẹn. Adarí á wá bèèrè bóyá ẹnu ti kò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ṣi ọ̀nà yìí gbọ́ nìyí. Ìfẹnukò kò túmọ̀ sí pé inú gbogbo èèyàn dùn bákan náà. Ẹni tí àbá náà kò wù, àmọ́ tí kò rí i bí ohun tó lè ba ẹgbẹ́ jẹ́, lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó ní, “Èmi ò ní bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò ní dí yín lọ́wọ́.” Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹni mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, àbá náà kò tíì jinná, wọ́n á gbé e padà sórí iná. Ẹnì kan ṣoṣo sì lè dínà pátápátá. Agbára ńlá nìyẹn, kò sì tọ́ sí ohun tí kò wuni lásán. Ẹni tó bá rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ta ko ìdí tí ẹgbẹ́ fi wà gan-an ló lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó, ó sì gbọ́dọ̀ ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀nà yìí máa ń sọ pé ìgbà díẹ̀ péré ló yẹ kí èèyàn dínà ní gbogbo ayé rẹ̀. Níbi tí ẹnì kan bá ti ń dínà lóṣooṣù, ó lè jẹ́ pé ẹgbẹ́ náà kọ́ ni tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọn ò tíì di ẹgbẹ́ rárá, pé wọ́n kàn jọ ń jókòó ni.

Ìdí tí ẹgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ kéré kò ju ìṣirò lọ. Bí èèyàn méje bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ìṣẹ́jú márùndínlógójì ti lọ. Bí wọ́n bá jẹ́ ogójì, ó ti tó wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú, kò sì tíì sí ẹni tó fèsì. Nínú ogójì èèyàn, àwọn mẹ́fà tó lẹ́nu ni yóò sọ̀rọ̀, àwọn yòókù á máa wo ojú wọn. Bí àwọn èèyàn bá pọ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jókòó lọ́tọ̀, á fẹnu kò, á sì rán ẹnì kan lọ sí ìpàdé àwọn aṣojú.

Òwe wa ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Nínú ètò yìí, òwe náà lè di wàhálà. Aṣojú kì í ṣe aṣòfin. Ohun tí ẹgbẹ́ fi rán an ni yóò jẹ́, bí ọ̀rọ̀ tuntun bá sì jáde, ó gbọ́dọ̀ gbé e padà lọ sílé kó tó ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Clamshell Alliance rí èyí ní ọdún 1978. Wọ́n ti ń múra láti tún wọ ilẹ̀ Seabrook lóṣù kẹfà, ni agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ bá fún wọn láàyè láti ṣe àpéjọ tó bófin mu níbẹ̀, bí wọ́n bá ti lè gbà láti kúrò lẹ́yìn náà. Àkókò kò sí. Ìgbìmọ̀ alákòóso gbà á kí ẹnu gbogbo ẹgbẹ́ kéékèèké tó kò. Àpéjọ náà kún, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló wá, bí ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè bá sì rí i, yóò ní ó dára. Ṣùgbọ́n ìbínú tó tẹ̀ lé e kò tán mọ́. Ẹgbẹ́ náà pín, kò sì padà sí bó ṣe wà. Bóyá àdéhùn náà dára fúnra rẹ̀. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé àwọn tó ti sùn mọ́jú lórí ilẹ̀ àhámọ́ nítorí pé wọ́n ní kò sí ọ̀gá, wá rí i lọ́jọ́ kan pé ọ̀gá wà.

Obìnrin kan, Jo Freeman, ti kìlọ̀ nípa irú èyí láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nínú àròkọ rẹ̀ The Tyranny of Structurelessness. Ó ní kò sí ẹgbẹ́ tí kò ní ètò. Bí wọn kò bá kọ ètò náà sílẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ tó ń jẹun pọ̀ ni yóò máa pinnu, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò sì ní mọ ẹnu ọ̀nà tí yóò kàn. Mo gbà fún un láìku ẹyọ kan. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tó ń pariwo pé àwọn ò ní ọ̀gá, wọ́n ní in. Wọn kò kàn dárúkọ rẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ Reclaiming àkọ́kọ́ pàápàá, ìkésíni ni èèyàn fi ń wọ inú rẹ̀.

Starhawk gbìyànjú láti wá oògùn sí i nínú ìwé rẹ̀ Truth or Dare, tó jáde ní ọdún 1987. Ó dárúkọ iṣẹ́ márùn-ún tó máa ń wà nínú ẹgbẹ́ yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn ò mọ̀. Kannakánná ń fò lókè, ó ń wo ọ̀nà tó jìn: ibo là ń lọ, kí ló ń bọ̀ lóṣù mẹ́fà sí i? Àwọn tó ń jẹ́ Grace ló ń kí àlejò káàbọ̀, tí wọ́n ń fún un ní ìjókòó, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀. Dírágónì ń ṣọ́ ààlà: ó ń rí i pé owó kò tán, pé èèyàn kò rẹ̀ jù, pé ẹnikẹ́ni kò wá da ìbọ rú. Aláǹtakùn ń so àwọn èèyàn pọ̀ kí ìròyìn lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Èyí tó gbà mí lọ́kàn jù ni ejò, tó ń wọ́ nílẹ̀, tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìpàdé: ìkùnsínú, ìfẹ́ ìkọ̀kọ̀, òfófó. Iṣẹ́ ejò ni láti gbé e wá sójútáyé pẹ̀lú ìfẹ́ kó tó di egbò. Ní ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, olófòófó ni wọn yóò pè é. Níbí, wọ́n yàn án sí iṣẹ́ náà ní gbangba, gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n, yóò sì gbé e fún ẹlòmíì bí àkókò rẹ̀ bá pé.

Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1997 dúró lórí òye kan: ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ni yóò pinnu nípa iṣẹ́ náà. Ẹgbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní cell, ń darí ara rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní tiwọn, àwọn tó ń ṣe ìbọ gbangba ní tiwọn, àwọn tó ń ṣe ìwé ìròyìn àti àwọn tó ń ṣe Samhain náà ní tiwọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń rán aṣojú sí ìpàdé kan tí wọ́n pè ní The Wheel, ìyẹn àgbá kẹ̀kẹ́. Ohun tó bá kan gbogbo wọn ló ń dé ibẹ̀. Ẹgbẹ́ Samhain kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni kí wọ́n tó mọ irú aṣọ tí wọn yóò fi bo pẹpẹ.

Bí ó ṣe ń yọrí sí iṣẹ́ lè hàn nínú Spiral Dance fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ìbọ inú pálọ̀. Wọ́n ti ṣe é lọ́pọ̀ ọdún nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá bíi Kezar Pavilion. Pẹpẹ wà fún ìhà mẹ́rin ayé, pẹpẹ wà fún àwọn baba ńlá, ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì ń ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan láìgba kọ́bọ̀. Àwọn kan wà fún orin, àwọn kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á ka orúkọ àwọn tó kú lọ́dún náà sókè, wọ́n á ka orúkọ àwọn ọmọ tuntun náà. Lẹ́yìn náà ni gbogbo èèyàn á di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n á máa jó yípo wọnú títí ọ̀kọ̀ọ̀kan á fi kọjá níwájú èkejì lójúkojú. Ẹni tó wà níwájú ìlà mọ ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà láàárín bá jáwọ́, ijó náà á já.

Ní agbègbè San Francisco yìí kan náà, àwọn olórìṣà wà tí wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà ti wa, yálà èyí tó gba Kúbà wá tàbí èyí tó wá tààrà láti ilẹ̀ Yorùbá. Luisah Teish, ìyálórìṣà Ọ̀ṣun tó kọ ìwé Jambalaya ní 1985, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, òun àti Starhawk sì jọ fara hàn nínú fíìmù Goddess Remembered, tó jáde ní ọdún 1989. Ètò méjèèjì yàtọ̀ gédégbé. Nínú ilé òrìṣà, ọjọ́ tí wọ́n gbé òrìṣà lé èèyàn lórí ló ń sọ bó ṣe dàgbà tó. Ẹni tó ṣáájú ló lè kọ́ ẹni tó ń bọ̀, àgbà ló sì ń sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Ní Reclaiming, ìbọ ìgbaniwọlé wà fún ẹni tó bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò fún un ní ipò, kò sì fún ohùn rẹ̀ ní ìwúwo kankan nínú ìpàdé. Yorùbá tó bá jókòó síbẹ̀ yóò bèèrè pé, àgbà dà? Mi ò gbà pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Àṣírí Ifá kò lè wà láìsí ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Àmọ́ ẹ̀sìn tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hun láti inú àwókù kò ní irú àgbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì yan ara rẹ̀ ṣe àgbà níbẹ̀ léwu.

Ohun tó ń pa ọ̀nà yìí lára jù ni àkókò. Níbi tí ìpàdé bá ti ń gùn títí ẹnu á fi kò, ẹni tó lè jókòó pẹ́ ló ń borí. Obìnrin tó ní ọmọ mẹ́ta àti ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ òru á dìde ní agogo mẹ́sàn-án, ìpinnu á sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi iye àkókò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wá ẹni tí yóò tọ́jú àwọn ọmọ, wọ́n ń se oúnjẹ, wọn kì í sì í ṣe ìpinnu ńlá lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Wọ́n tún ń fi ohun kéékèèké sílẹ̀ fún ẹni méjì láti lọ ṣe láìpadà wá bèèrè. Kò sí ìdí tí èèyàn mẹ́sàn-án fi gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí àwọ̀ bébà.

Reclaiming ti kọjá San Francisco tipẹ́. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ni wọ́n ti ń ṣe àgọ́ ọlọ́sẹ̀ kan nínú igbó, tí wọ́n ń pè ní Witchcamp, ó sì ti dé Kánádà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Ọsirélíà. Àwọn àgọ́ àti àwùjọ yìí ní ìgbìmọ̀ kan tó so wọ́n pọ̀, tó ń jẹ́ BIRCH. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìpàdé BIRCH fẹnu kò láti yí gbólóhùn kan padà nínú Principles of Unity. Ti tẹ́lẹ̀ sọ̀rọ̀ òrìṣà obìnrin àti òrìṣà ọkùnrin. Tuntun náà ṣí àyè sílẹ̀ fún àwọn òrìṣà tí kì í ṣe takọ, tí kì í ṣe tabo, nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí kò rí ara wọn nínú ọ̀rọ̀ àtijọ́. Àwọn kan tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ fárígá. Wọ́n ní àwọn kò sí nípàdé, pé ohùn àwọn tó wà nínú yàrá kan kì í ṣe ohùn gbogbo àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà káàkiri ayé.

Ní tèmi, ìyípadà náà tọ́. Ẹgbẹ́ tó sọ pé ohun mímọ́ wà nínú olúkúlùkù kò lè ní kí ẹnì kan dúró síta nítorí gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n àwọn tó fárígá náà di ohun kan mú tí kò ṣe é gbé jù sẹ́yìn. Ìwé àdéhùn yàtọ̀ sí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìdí tí ẹgbẹ́ fi wà, ó yẹ kí aṣojú gbé e padà délé, kí àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké jókòó tì í, kí oṣù bíi mélòó kan kọjá, kí wọ́n tó tún rán aṣojú náà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò gba ọdún kan gbáko, tí àwọn tó ń dúró de gbólóhùn tuntun náà yóò sì ní láti dúró sí i.